Ìrísí ni Ìsọnilọ́jọ̀: Àwòrán Páálí Àwo Orin gẹ́gẹ́ bí Àmì Ìdánimọ̀ Orin Fẹlá ní Mushin, 1974–1989

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìrísí ni ìsọnilọ́jọ̀. Nígbà tí ilà ojú ṣì wọ́pọ̀, ojú nìkan tó láti fi mọ ìlú tàbí ìdílé ẹni kí onítọ̀hún tó la ẹnu. Àwọn tí ń ṣe ọjà náà mọ ọgbọ́n yìí. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ IBM gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ń jẹ́ ThinkPad jáde ní 1992, àwọ̀ dúdú rẹ̀ àti kókó pupa kékeré tí ó wà láàárín àwọn bọ́tìnì rẹ̀ ni ènìyàn fi ń dá a mọ̀ kí ó tó ka orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá òkè òkun nìkan ni ó ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Ní 1974, ọdún méjìdínlógún ṣáájú ẹ̀rọ náà, irú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìdí-Orò, Mushin, lórí páálí àwo orin Fẹlá Aníkúlápó-Kútì. Èrò iṣẹ́ yìí ni pé àwòrán orí páálí ni ó di ojú tí àwùjọ fi ń mọ orin náà, kì í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó tẹ àwo jáde.

Ayàwòrán àti olórin

Lemi Ghariokwu kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà tí akọ̀ròyìn kan, Babatunde Harrison, rí àwòrán Bruce Lee tí ó yà, tí ó sì mú un lọ sí ọ̀dọ̀ Fẹlá ní Kalakuta, ilé kẹrìnlá ní òpópónà Agége. Fẹlá fẹ́ sanwó àwòrán ojú rẹ̀ tí ọ̀dọ́ náà yà fún un, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ náà kọ owó. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ilé ti ṣí sílẹ̀ fún un. Yóò kọ́kọ́ gbọ́ orin, yóò sì fi àwòrán sọ òye tirẹ̀.

Ohun tí àwòrán náà ń ṣe

Páálí Alagbon Close (1974) ni àkọ́kọ́. Alágbọn ní Ìkòyí ni àtìmọ́lé ọlọ́pàá tí wọ́n ti Fẹlá mọ́. Nínú àwòrán náà, Fẹlá ti já ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. Àtìmọ́lé wà ní apá kan, ilé Kalakuta dúró gbọnyin ní apá kejì, ẹja àbùùbùtán sì ń dojú ọkọ̀ ojú omi àwọn ọlọ́pàá dé. Ẹni tí kò tíì gbọ́ orin náà ti mọ ẹni tí ó borí.

Nínú Yellow Fever (1976), ara obìnrin tí ó bó ara rẹ̀ ni a fi hàn, pẹ̀lú ìpara tí ó fi bó o. Nínú Zombie, tí ó jáde ní ọdún kan náà, àwòrán àwọn ṣọ́jà tí Tunde Kuboye fi kámẹ́rà yà ni Lemi lẹ̀ pọ̀.

Ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó gbé àwo mẹ́ta wọ̀nyí jáde: Jofabro, Afrodisia àti Coconut. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ ni ònrajà ń wò, ojú rẹ̀ ìbá dàrú. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí a fi ọwọ́ yà, àwọ̀ tí ó gbóná, àti yẹ̀yẹ́ tí a fi ń ṣe alágbára kò jẹ́ kí a ṣì í mọ̀. Níhìn-ín ni ó ti yàtọ̀ sí ti kọ̀ǹpútà: àmì kan náà ni ThinkPad ń gbé kiri, ṣùgbọ́n àwòrán Lemi ń yí padà pẹ̀lú orin kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ tí ó yà á ni kò yí padà.

Iná àti ìpínyà

Ní ọjọ́ 18 oṣù Èrèlé, 1977, àwọn ṣọ́jà kọlu Kalakuta, wọ́n sì dáná sun ún. Ìyá Fẹlá, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, tí wọ́n jù láti ojú fèrèsé, kú ní oṣù Igbe, 1978. Ilé tí ó dúró gbọnyin lórí páálí Alagbon Close kò sí mọ́. Àmọ́ àwọn páálí tí ó ti wọ ilé àwọn ènìyàn kò bá a jóná. Àwòrán wá di ẹ̀rí ohun tí ilẹ̀ ti pàdánù.

Lẹ́yìn náà ni èdè-àìyedè dé. Fẹlá kò gba àwòrán tí Lemi yà fún Sorrow Tears and Blood (1977), wọ́n sì pínyà fún ìgbà díẹ̀. Ìpínyà yìí fi hàn pé ohun tí ó dàbí àmì ẹnì kan jẹ́ ti ẹni méjì. IBM lè pàṣẹ fún ayàwòrán rẹ̀. Ọ̀dọ́ tí ó kọ owó kò ta òye rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Lemi padà wá ya Beasts of No Nation (1989), níbi tí Thatcher, Reagan àti Botha ti hu ìwo. Páálí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ó yà fún Fẹlá lápapọ̀. Ní 2003, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ikú Fẹlá, iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ìpàtẹ nípa Fẹlá ní New Museum ní New York. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìrísí tí ó bá òtítọ́ inú ọjà mu a máa pẹ́ ju ilé tí a ti ṣe é lọ.