Ta ni àwọn mọ́kànlá tó wà nínú fọ́tò yìí?

Ọ̀pọ̀ yín ló ti ń bi wá pé kí ló dé tí àwa pásítọ̀ ń lé fọ́tò àwọn agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ kiri láti oṣù mélòó kan. Ó gùn díẹ̀ o, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bọ́ọ̀lù tó pẹ́ jù tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà ní Nàìjíríà, àwọn ọmọ ilé ìwé wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 1904 ni, ní Calabar. Hope Waddell, ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn míṣọ́nnárì láti Scotland dá sílẹ̀ ní 1895, ló pàdé àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wá pẹ̀lú ọkọ̀ ogun HMS Thistle. Àwọn ọmọ ilé ìwé borí, 3-2. Ẹ ò rí nǹkan, ọmọ ilé ìwé na sójà orí omi! A mọ̀ ọ́n lónìí nítorí pé ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀, tí àwọn bíi Wiebe Boer, tó tẹ ìwé jáde lórí ìtàn bọ́ọ̀lù Nàìjíríà ní 2018, sì jókòó ti irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Èkó náà rí tirẹ̀ ṣe. Fádà Slattery, ará Ireland, dá St. Finbarr's College sílẹ̀ ní 1956. Ibẹ̀ ni Stephen Keshi àti Henry Nwosu ti jáde. Fádà yìí kan náà ti ṣe olóòtú ìwé ìròyìn Catholic Herald. Báwo ni ìtàn ikọ̀ tirẹ̀ ṣe fẹ́ sọnù?

Èkìtì ńkọ́? Ẹ lọ bá àwọn ọmọ Christ's School, lórí òkè Agidimo níbí, èyí tí Archdeacon Henry Dallimore dá sílẹ̀ ní 1933. Bí ẹ bá béèrè ọ̀jọ̀gbọ́n tó jáde níbẹ̀, wọn á kà á fún yín títí ilẹ̀ á fi ṣú, Niyi Osundare á sì wà nínú wọn. Ẹ wá béèrè ẹni tó ń ṣọ́lé nígbà tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù. “Háà, ìyẹn ti pẹ́ o.”

Fọ́tò tó fa gbogbo wàhálà yìí, bàbá kan nínú ìjọ ló mú un wá. Ikọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ni, kò jìnnà sí Adó. Ọmọkùnrin mọ́kànlá, tíṣà kan, àti bọ́ọ̀lù aláwọ tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọdún sí lára. Ọdún náà ti parẹ́, “19” nìkan ló kù. Mẹ́fà nínú wọn ò wọ bàtà. Àwọn ọ̀dọ́ wa ní ó ní láti jẹ́ pé ayé òyìnbó ni, nítorí ẹsẹ̀ lásán. Rárá o. Lóòótọ́, àwọn 18 tó ṣojú Nàìjíríà lọ sí Ìlú Ọba ní 1949, tí Etim Henshaw jẹ́ kápútìnnì wọn, tí Tesilimi Balógun wà láàárín wọn, ọ̀pọ̀ wọn ló gbá a láìwọ bàtà, wọ́n sì na ẹgbẹ́ Marine ní Crosby 5-2. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ lásán kò tán pẹ̀lú ayé òyìnbó. Ọmọbìnrin kan nínú àwọn akọrin ló wá rí àsíá lẹ́yìn wọn: ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dúdú, àárín funfun. Àsíá Nàìjíríà! Fọ́tò náà kò lè ṣáájú ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 1960.

Bàbá dárúkọ méje. A wá méjì kàn nínú àwọn méje náà, ọ̀kan ní Ìyìn, ọ̀kan ní Ìfàkì. Wọ́n fi méjì kún un, àmọ́ orúkọ ìnagijẹ ni: Rọ́bà, tó ń ṣọ́lé, àti Tírélà. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí ẹni tó gbá góòlù tó fún wọn ní ife wọlé. Àwọn méjèèjì ló ní òun ni. Èyí tó wà ní Ìfàkì ti lọ bá Olúwa rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ohùn rẹ̀ ṣì wà lórí fóònù wa, ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún.

Kí ẹ tó ní ká lọ wo ìwé ìjọba: abẹ́ Ìbàdàn ni Èkìtì wà títí di 1976, ó wá bọ́ sábẹ́ Àkúrẹ́ títí di 1996 tí a gba ìpínlẹ̀ tiwa. Ìwé tó bá ní orúkọ ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù ní Adó ní 1962 lè wà ní Ìbàdàn, kí ti àbúrò rẹ̀ wà ní Àkúrẹ́.

Orúkọ fúnra rẹ̀ tún ń sá fún wa. Àwa onígbàgbọ́ mọ̀ nípa ìyẹn, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Fálékè inú rẹ́jísítà ti di Jésùlékè, Ògúnwálé ti di Olúwálé. Kò sí ìjà níbẹ̀. Ẹ ṣáà sọ ti tẹ́lẹ̀ fún wa, ká má baà ka ẹnì kan ní méjì. Bíbélì tó ní Pọ́ọ̀lù náà ló ní Sọ́ọ̀lù.

Ẹ jọ̀ọ́, bí bàbá yín tàbí bàbá àgbà yín bá gbá bọ́ọ̀lù ilé ìwé ní Adó, Ìkẹ́rẹ́, Ìgèdè, Ìyìn, Ìfàkì tàbí Ìdó, ẹ wá fọ́tò náà kí wọ́n tó kó ẹrù yàrá dànù. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn fọtógíráfà ìgbà yẹn máa ń lu òǹtẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má fipá yọ ọ́ nínú férémù, yóò ya. Ẹ ya ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa.

Ẹni tó bá sì mọ Rọ́bà, ẹ pè wá kíákíá. Ó ga, ọwọ́ òsì ló ń lò, wọ́n ní bàbá rẹ̀ ń ra kòkó ní Ìjerò.