Dòjé inú Ẹ̀jẹ̀

Nígbà tí Charles Darwin gbé ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1859, ó fi hàn pé àwọn ẹ̀dá irú kan náà kì í rí bákan náà, àti pé èyí tí ìyàtọ̀ ara rẹ̀ bá bá ibùgbé rẹ̀ mu ni yóò pẹ́ láyé, tí yóò sì bí sí i. Bí ìyàtọ̀ náà ṣe ń ti ara òbí dé ara ọmọ ni kò mọ̀. Ẹranko ilẹ̀ òkèèrè ni àwa olùkọ́ sábà fi ń ṣe àpẹẹrẹ ẹ̀kọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí ó jókòó níwájú wa.

Ní ọdún 1910 ni James Herrick, oníṣègùn ní Chicago, ròyìn aláìsàn kan, ọmọ erékùṣù Grenada, tí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí dòjé. Àrùn tí àwa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde nìyí. Ọmọ tí ó bá jogún àbùdá náà lọ́dọ̀ baba àti ìyá ni ó ń ṣe. Ẹni tí ó gbà á lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo, tí à ń pè ní AS, ara rẹ̀ sábà máa ń le. Bí àbùdá yìí bá ń pa ọmọdé kí wọ́n tó dàgbà bímọ, èéṣe tí kò fi parun? Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú 4 ni ó jẹ́ AS.

Anthony Allison, òyìnbó tí ó dàgbà ní Kẹ́ńyà, ni ó tú kókó náà. Ní ọdún 1949 ó ṣàkíyèsí pé AS pọ̀ ní etí òkun àti ní ẹ̀bá adágún Victoria, níbi tí ibà ti ń jà, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n lórí òkè tútù. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé Ùgáńdà wò, ó sì rí i pé kòkòrò ibà kò pọ̀ lára àwọn AS tó ti ẹgbẹ́ wọn. Ó tún fi kòkòrò ibà sí ara ọkùnrin Luo 30 tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn. Èmi kò lè yìn ín fún èyí. Nínú 15 tí kò ní àbùdá náà, ibà mú 14. Nínú 15 tí ó ní i, 2 péré. Ọdún 1954 ni ó tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde. Ibà ń pa nínú àwọn ọmọ AA, fòníkú-fọ̀ladìde ń pa àwọn SS. AS ni ó sábà ń bọ́ lọ́wọ́ méjèèjì, òun ni ó sì ń gbé àbùdá náà lé ọmọ lọ́wọ́.

Ní ọdún 1958, Frank Livingstone, ará Amẹ́ríkà, fi ìtàn tiwa kún un. Ó ní nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣán igbó láti gbin iṣu, oòrùn wọlé, omi dúró sí kòtò, ẹ̀fọn ibà sì ń pọ̀ sí i níbẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àdá àti ọkọ́ àwọn baba ńlá wa wà lára ohun tí ó ṣa ẹ̀jẹ̀ wa yàn.

Àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà gbé àbùdá náà dání. Láti ọdún 1951 ni a ti lé ibà kúrò níbẹ̀, ìran sì ti dàpọ̀ mọ́ ìran. Láàrin àwọn ọmọ-ọmọ wọn lónìí, nǹkan bí ẹnì kan nínú 13 ni ó ṣì jẹ́ AS.