Ojú òpó kọ̀, kò dáhùn: bí a ṣe ń wá ìdí àṣìṣe CORS àti 401 nínú bùráúsà

Ìbéèrè kan wà tó máa ń wọlé sórí WhatsApp wa, pàápàá látọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ kóòdù ní Iloffa, Osi, Odo-Ọwa àti agbègbè wọn. Wọ́n á ní: "Ẹ̀gbọ́n, kóòdù mi ń ṣiṣẹ́ lórí Postman, àmọ́ tí mo bá ṣí i nínú Chrome, kò gbà." Wọ́n á wá fi àwòrán ojú kọ̀ǹpútà wọn ránṣẹ́. Lẹ́tà pupa ló máa kún un: "blocked by CORS policy", tàbí "401 Unauthorized", nígbà míì àwọn méjèèjì pọ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwa náà rí nílé iṣẹ́ rédíò yìí, a ó sì sọ bó ṣe rí. A kọ àlàyé yìí sílẹ̀ kí ẹ lè máa padà sí i nígbà tó bá kàn yín.

Ohun tí bùráúsà ń pè ní orírun

Bùráúsà kì í fi orúkọ ojú òpó nìkan dá a mọ̀. Nǹkan mẹ́ta ló máa ń wò pọ̀: http tàbí https tó wà níwájú, orúkọ ojú òpó náà, àti nọ́ńbà pọ́ọ̀tù. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn ló para pọ̀ di orírun. https://example.com àti http://example.com kì í ṣe orírun kan náà. https://www.example.com tún yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì. http://localhost:3000 àti http://localhost:5000 wà lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, síbẹ̀ àjèjì ni wọ́n síra wọn lójú bùráúsà. Ó dà bí ayálégbé méjì tó wà nínú ilé kan náà ní Iloffa, tí ọ̀kan ní Ekan ni wọ́n ti bí òun, tí èkejì ní Idofin ni.

Ọdún 1995 ni JavaScript dé inú bùráúsà Netscape. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi rí i pé ewu wà níbẹ̀: tí ẹ bá ṣí ojú òpó báńkì yín síbì kan, tí ẹ sì ṣí ojú òpó oníjìbìtì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ni kò ní jẹ́ kí ti oníjìbìtì ka iye owó yín? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣòfin pé kóòdù tó wá láti orírun kan kò gbọ́dọ̀ ka èsì orírun mìíràn. CORS ni ọ̀nà tí sáfà fi ń sọ pé, "Lágbájá yẹn, mo mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kó rí i." Ní January 2014 ni àjọ W3C fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ìlànà. Nítorí náà, CORS fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń dènà. Òun ni ìyọ̀ǹda. Nígbà tí ìyọ̀ǹda kò bá sí ni bùráúsà ń pariwo.

Èyí ló sì fa ọ̀rọ̀ Postman. Postman àti curl kì í ṣe bùráúsà, wọn kò ní báńkì ẹnikẹ́ni tí wọ́n ń ṣọ́, nítorí náà wọn kì í béèrè ìyọ̀ǹda. Pé ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kàn fi hàn pé sáfà wà láàyè ni.

Ẹ fetí sí ibi tí mo ń lọ yìí o, nítorí ó ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn sanwó lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìbéèrè náà bá jẹ́ irú tó rọrùn, bíi fọ́ọ̀mù lásán, bùráúsà á fi í ránṣẹ́, sáfà á gbà á, á sì ṣe iṣẹ́ náà tán. Èsì nìkan ni bùráúsà ń gbà sẹ́yìn. Lójú yín, ó kọ̀. Lọ́dọ̀ sáfà, ó ti wọlé. Ẹ má ṣe tẹ bọ́tìnì náà léraléra kí ẹ tó yẹ àkọsílẹ̀ sáfà wò.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí wa

Nígbà tí a gbé ojú òpó wa kúrò lórí http bọ́ sórí https, inú wa dùn. Kò tó wákàtí kan tí olùgbọ́ kan pè wá láti Lọ́ńdọ̀nù pé òun kò gbọ́ ohùn wa mọ́. Sáfà tó ń gbé ohùn wa jáde ṣì wà lórí http, pọ́ọ̀tù 8000. Bùráúsà òde òní kì í gbà kí ojú ewé https gbé ohùn http wọlé: Chrome á kọ́kọ́ gbìyànjú láti pè é ní https, tí kò bá rí i níbẹ̀, á dákẹ́. Èyí kì í ṣe CORS rárá, ṣùgbọ́n òun ni a kọ́kọ́ fi ọ̀sán gbáko pè ní CORS.

A wá https fún sáfà ohùn náà, ohùn padà. Àmọ́ orúkọ ètò tó ń lọ lọ́wọ́, èyí tó máa ń hàn lábẹ́ bọ́tìnì, kò hàn. Kí ló dé? Àmì audio inú HTML lè gbé ohùn láti orírun mìíràn láìgba àṣẹ. JavaScript tó ń fi fetch ka status-json.xsl lára Icecast kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹn gan-an wá ni CORS. Icecast 2.4 ti ní àyè fún un: inú icecast.xml, lábẹ́ http-headers, a fi Access-Control-Allow-Origin sí i, a tún sáfà náà gbé dìde, orúkọ ètò sì yọjú. Àmì ìràwọ̀ * ni a fi síbẹ̀, torí pé orúkọ ètò kì í ṣe àṣírí ẹnikẹ́ni. Ibi tí àṣírí bá wà, ẹ má lo ìràwọ̀.

Nígbà tí 401 bá wọ aṣọ CORS

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya méjì yìí sọ́tọ̀. 401 túmọ̀ sí pé sáfà kò mọ ẹni tí ẹ jẹ́: tókìn kò sí, tàbí kò pé, tàbí ó ti kú. 403 túmọ̀ sí pé ó mọ̀ yín, àmọ́ kò fún yín láyè. Tókìn tuntun kì í sábà wo 403 sàn.

Wàhálà tó pọ̀ jù wà níbi tí àwọn méjèèjì ti pàdé. Tí kóòdù yín bá fi header Authorization ránṣẹ́, tàbí Content-Type tó jẹ́ application/json, bùráúsà kì í kàn lọ tààrà. Á kọ́kọ́ rán alárinà lọ pẹ̀lú ọ̀nà OPTIONS, kó lọ béèrè bóyá wọ́n gbà kí òun wá. Alárinà yìí kì í gbé tókìn dání. Bí sáfà bá wá ń béèrè tókìn lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó kan ilẹ̀kùn, á dá alárinà náà lóhùn pé 401. Bùráúsà á wá kọ CORS sójú yín, ẹ̀yin á máa yí tókìn padà láti àárọ̀ dalẹ́, bẹ́ẹ̀ tókìn kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ẹ jẹ́ kí sáfà dá OPTIONS lóhùn pẹ̀lú 200 tàbí 204 kó tó dé ibi tí wọ́n ti ń yẹ tókìn wò. Ẹ sì dárúkọ Authorization gan-an nínú Access-Control-Allow-Headers. Ìràwọ̀ kò kà á kún un.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Tókìn kú lóòótọ́, sáfà sì dáhùn 401, ṣùgbọ́n kò fi header CORS sára èsì náà, bùráúsà bá tún kígbe CORS. Ẹ̀yin tó ń lo nginx, add_header kì í sí lára èsì 401 tàbí 500 àfi tí ẹ bá kọ "always" sí ìparí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn! Tí nginx bá fi header náà sí i, tí kóòdù yín náà tún fi tirẹ̀ sí i, yóò di méjì, bùráúsà á sì kọ méjèèjì. Àwọn sáfà kan tó ń lo Apache máa ń gbé Authorization mì kó tó dé ọ̀dọ̀ PHP. "CGIPassAuth On" ló sábà ń tú u sílẹ̀. Ẹ̀yin tó ń fi Application Passwords WordPress, tó wà láti ẹ̀yà 5.6, ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Tó bá jẹ́ kúkì ni ẹ fi ń wọlé, ìràwọ̀ kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Orúkọ orírun yín gan-an ni kí sáfà kọ, láìsí slash lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú Access-Control-Allow-Credentials: true. Kóòdù yín náà gbọ́dọ̀ ní credentials: 'include'. Láti 2020 ni Chrome sì ti ń ka kúkì tí kò sọ nǹkan kan sí SameSite=Lax, kò ní bá fetch lọ sí ojú òpó mìíràn. SameSite=None pẹ̀lú Secure ni ẹ nílò.

Ẹ wo ibi tí òótọ́ wà: ẹ tẹ F12, ẹ ṣí Network, ẹ tún ojú ewé náà gbé wá. Tí OPTIONS ló pupa, wàhálà alárinà ni. Tí OPTIONS bá dára tí èyí tó tẹ̀ lé e wá jẹ́ 401, ẹ wo tókìn. Tó bá jẹ́ 500, kóòdù sáfà ló ṣubú.

Kọ́kọ́rọ́ owó kì í wọ inú bùráúsà

Paystack, tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2015, tí Stripe sì rà ní 2020, ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò wa fi ń gbowó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kọ́kọ́rọ́ méjì ni wọ́n ń fún èèyàn. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pk_ lè wà ní gbangba. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sk_ jẹ́ àṣírí: ẹni tó bá ní in lè ka àkọsílẹ̀ owó yín, ó sì lè dá owó padà fún ẹni tó wù ú.

Ọmọ kíláàsì á fi fetch pe api.paystack.co láti inú ojú ewé pẹ̀lú sk_, á rí àṣìṣe, á wá lọ fi proxy ọ̀fẹ́ tó rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sáàárín. Àṣìṣe á lọ lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tó ni proxy náà ti ka kọ́kọ́rọ́ yín, ẹnikẹ́ni tó bá sì tẹ F12 lójú ewé yín náà á kà á. Ohun tó yẹ ni pé kí sáfà yín pe transaction/initialize (owó ni kọ́bọ̀ o, ₦5,000 jẹ́ 500000), kó fún ojú ewé ní access_code nìkan. Tí wọ́n bá sanwó tán, kí sáfà pe transaction/verify kó tó gbé ọjà fún wọn. Tí sk_live_ yín bá ti wọ ojú ewé tàbí GitHub rí, pípa ìlà yẹn rẹ́ kò tó, nítorí GitHub ń tọ́jú ti àtijọ́. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ tuntun lónìí.

mode: 'no-cors' náà kì í ṣe oògùn. Àṣìṣe pupa á parẹ́, àmọ́ èsì tó máa dé á ṣófo, kóòdù yín kò ní rí nǹkan kan kà níbẹ̀.

Nǹkan kéékèèké méjì ló kù. Tí ẹ bá tẹ fáìlì HTML lẹ́ẹ̀mejì kó lè ṣí, orírun rẹ̀ jẹ́ "null". Ẹ ṣí i láti orí localhost. Ìkejì ni aago. Lọ́dọ̀ wa níbí tí iná ń lọ tó ń bọ̀, bátìrì kékeré inú àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ máa ń kú, ọjọ́ á sì padà sí ọdún tó ti kọjá. Bùráúsà á ní ìwé ẹ̀rí https kò tọ́. Tó bá jẹ́ sáfà ni aago rẹ̀ bàjẹ́, tókìn tuntun á dà bí èyí tó ti kú. Kí ẹ tó fọwọ́ kan kóòdù, ẹ wo igun ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà yín bóyá ọjọ́ òní ló wà níbẹ̀.