Ẹni Tó Wọn Agbára Tó Ń Fa Ẹrù Sẹ́yìn
Àwa tá a ti ń kó láti ilé dé ilé nílùú onílùú mọ̀ ọ́n: fìríìjì máa ń le kó tó ṣí nílẹ̀, tó bá ti ń lọ, ó dẹ̀. Coulomb, ẹnjiníà ológun ilẹ̀ Faransé, wọn ìyàtọ̀ yìí ní Rochefort, níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, ní 1779. Ó di ẹrù lé pákó, ó so okùn mọ́ ọn, ó gbé ìwọ̀n kọ́ etí okùn kejì, ó wá ń ka àkókò bí pákó ṣe ń wọ́ lọ. Ó rí i pé eré kì í fi bẹ́ẹ̀ yí agbára tó ń fà á sẹ́yìn padà. Ìwúwo ló ń yí i. Amontons ti sọ ti ìwúwo ní 1699. Leonardo da Vinci sì ti rí i ní nǹkan bí 200 ọdún ṣáájú (ẹ gbọ́ o!), àmọ́ inú ìwé ara rẹ̀ ló fi sí, kò tẹ̀ ẹ́ jáde. Coulomb ló gba ẹ̀bùn ní Paris ní 1781.