Àgbà Kan, Àrùn Púpọ̀: Ìtàn Ìtọ́jú Àwọn Arúgbó Wa

Ìtàn ọba, ti oyè àti ti ìtẹ̀dó ni ó wọ́pọ̀ jù nínú ìwé ọdọọdún àwa ọmọ Olúpọ̀nnà yìí. Mo rò pé ó yẹ kí a fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ìtàn ara àwọn àgbà wa àti bí a ti ń tọ́jú rẹ̀.

Ní ìgbà àwọn baba wa, àrùn a máa pa ènìyàn kíákíá. Ilẹ̀ẹ́gbóná, ibà àti ìgbẹ́ ọ̀rìn kò jẹ́ kí púpọ̀ dàgbà. Ní nǹkan bí ọdún 1950, ìpíndọ́gba ọjọ́ ayé ẹni tí a bí ní Nàìjíríà kò tó 40 ọdún. Arúgbó wà ṣá, làkúrègbé ni a sì máa ń pe púpọ̀ nínú ohun tí ń ṣe wọ́n. Olóògùn kan náà ni ó ń wo ẹsẹ̀, ojú àti inú wọn.

Ilé-ìwòsàn Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1907. A ṣí ilé-ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn ní oṣù kọkànlá ọdún 1957. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kápá àwọn àrùn ìgbà èwe, títí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde ní 1980 pé ilẹ̀ẹ́gbóná ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí kò kú léwe wá dàgbà, ó sì bá ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, aromọléegun àti ojú tí ń ṣú pàdé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọjọ́ tí ó ń lọ rí dókítà ẹ̀jẹ̀ ríru yàtọ̀ sí ti ṣúgà, ti ojú tún yàtọ̀, owó ọkọ̀ sì ń lọ. Ibì kan kì í bi í léèrè ohun tí ibì kejì fún un. Ó ra oògùn orúnkún lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri. Orúnkún dẹ̀, ṣùgbọ́n irú oògùn bẹ́ẹ̀ a máa gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, a sì máa pa kíndìnrín lára. Lọ́jọ́ kan ó mu àgbo ìtọ̀ ṣúgà lé hóró oògùn ti dókítà, ṣúgà ara rẹ̀ já wálẹ̀, ó sì ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Màmá a máa bi wá pé ta ni ó pín ara òun fún ẹni mẹ́rin. Ìbéèrè yìí tọ̀nà, mo sì rò pé òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn onímọ̀ kò gbàgbé àwọn arúgbó ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn arúgbó Ìdíkàn ní Ìbàdàn wé àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Èsì tí ó jáde ní 2001, lẹ́yìn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ti di olóògbé, fi hàn pé àrùn ìgbàgbé àgbà kò pọ̀ ní Ìbàdàn tó ti Indianapolis. Láàrin 2003 sí 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gúrèjé àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bá arúgbó 2,152, ẹni ọdún 65 sókè, sọ̀rọ̀ ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí a ti ń sọ Yorùbá. Ní 2012 ni UCH ṣí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, níbi tí a ti ń wo gbogbo ara àgbà pọ̀. Ohun tí olóògùn àtijọ́ ń ṣe ni a padà sí, pẹ̀lú ìmọ̀ tí ó jinlẹ̀ ju tirẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n Ìbàdàn jìnnà sí ẹni tí orúnkún ń dùn. Ètò adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó kọ́kọ́ mọ̀. Òfin ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ènìyàn, síbẹ̀ àgbẹ̀ púpọ̀ ṣì ń fi owó àpò ra oògùn, tàbí kí ó máa retí ohun tí ọmọ yóò fi ránṣẹ́ láti òkè òkun.

A ra ìwé kékeré kan fún Màmá, a kọ orúkọ gbogbo oògùn rẹ̀ sí i, àti àgbo pàápàá, ó sì ń mú un lọ sí ibi gbogbo. Dókítà tí ó kọ́kọ́ kà á dá oògùn méjì dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹgbẹ́ wa lè tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún gbogbo àgbà ìlú. Owó rẹ̀ kò lè tó ti aṣọ ẹgbẹ́ tí a ń rà lọ́dọọdún.