Toro: Ẹja Tí Ológbò Pàápàá Ń Ré Kọjá

Bí ẹ bá ṣí mẹ́nù ilé sushi lórí fóònù yín, ẹ lè rí "toro" níbẹ̀, ó sì sábà máa ń wà lára èyí tó wọ́n jù. Ó jọ tọ́rọ́ tí àwọn bàbá wa ń ná láyé òyìnbó, àmọ́ owó rẹ̀ kì í ṣe owó tọ́rọ́ rárá.

Ikùn ọlọ́ràá ẹja túnà ni toro. Ọ̀rọ̀ náà wá láti inú "torori", èyí tí àwọn ará Japan fi ń ṣàpèjúwe ohun tó ń yọ́ lẹ́nu, bí àwa náà ṣe máa ń ní nǹkan rọ̀ múlọ́múlọ́. Èyí tí ọ̀rá rẹ̀ pọ̀ jù ni otoro, toro ńlá. Èyí tó tẹ̀ lé e ni chutoro, toro àárín.

Ẹ wá gbọ́ o: láyé tí Tokyo ṣì ń jẹ́ Edo, ìyẹn kó tó di 1868, kò sẹ́ni tó ka ọ̀rá yìí sí. Kò sí fíríìjì, ọ̀rá sì tètè ń bàjẹ́. Ẹran pupa túnà ni àwọn tó ń ta sushi létí títì ń rẹ sínú omi ẹ̀wà sóyà kó lè pẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rá kì í fa omi náà mu dáadáa. Wọ́n á dà á nù, tàbí kí tálákà fi se ọbẹ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà eléwé. "Neko-matagi" ni wọ́n ń pè é, ohun tí ológbò ń ré kọjá. Ológbò o! Ẹ ti rí ológbò tó kọ ẹja rí?

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni fíríìsà gbòde, tí ẹnu wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀rá. Lásìkò yẹn, ní Prince Edward Island ní Kánádà, àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja ṣeré á ya fọ́tò pẹ̀lú túnà bluefin ràgàjì, wọ́n á sì rì í mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú Japan Airlines sì ń kó ẹrù wá sí Àríwá Amẹ́ríkà láti Japan, ó ń padà lófìfo. Ní 1972, wọ́n kó túnà sínú àyè òfìfo yẹn, ó di Tokyo.

Ní January 2019, Kiyoshi Kimura san yẹ́nì mílíọ̀nù 333.6 fún túnà kan ṣoṣo, kílò 278.

Ẹja náà jẹ palaba ìyà. Ní 2010, ní Doha, wọ́n dábàá pé kí wọ́n fòfin de títa bluefin Àtìláńtíìkì sílẹ̀ òkèèrè. Japan ta kò ó, àbá náà sì ṣubú. Ìgbà tí wọ́n dín iye tí wọ́n ń pa kù ló tó tún ń pọ̀; ní 2021, àjọ IUCN yọ ọ́ kúrò lára àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu. Àmọ́ àwọn tó ń yé ẹyin sí Gulf of Mexico ò tíì pọ̀ tó ti àtijọ́.