Bí A Ṣe Tú Agbo Ilé Ká ní Èkó

Ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú wa ni ti ilé gbígbé: níbo ni ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ yóò forí pamọ́ sí, ta ni yóò sì ràn án lọ́wọ́? Àwọn kan rò pé ìjọba ni ó kọ́kọ́ dá irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ìtàn Èkó fi hàn wá pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Kí ìjọba tó kọ́ ilé kankan fún tálákà, agbo ilé ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ilé baba ẹni kì í ṣe ilé tí à ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Opó, obìnrin tí ó kọ ọkọ sílẹ̀, arúgbó tí agbára rẹ̀ ti tán, àti ọmọ ẹbí tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo wọn ni ó ní yàrá tí wọ́n lè padà sí. Iwájú ilé ni ìyá àgbà ti ń tajà. Àwọn aládùúgbò ni oníbàárà rẹ̀.

A kò sọ pé kò sí àléébù níbẹ̀. Ilé há mọ́ ilé, omi ìdọ̀tí kò rí ọ̀nà lọ, èrò sì pọ̀ ju yàrá lọ. Ní ọdún 1924 ni àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àrùn yìí ni ó mú kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Ìgbìmọ̀ Ìdàgbàsókè Èkó, èyí tí a mọ̀ sí LEDB, sílẹ̀ ní ọdún 1928. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tún àdúgbò tí kò dára ṣe, kí ó sì la ilẹ̀ titun fún ilé kíkọ́, irú èyí tí ó là ní Yábà.

Ní ọdún 1955 ni LEDB bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín Èkó. Òmìnira ń bọ̀, àwọn aṣáájú sì fẹ́ kí olú-ìlú ní ojú tí ó ṣe é fi han àlejò. Wọ́n kọ́ ilé sí Sùúrùlérè fún àwọn tí a ṣí nípò, ìjọba sì bá wọn dín owó ilé náà kù. Ẹ ṣàkíyèsí èyí: a kò kàn lé wọn sí ìgboro lásán. Kí ni ó wá fa ẹkún?

Peter Marris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó wádìí ọ̀ràn náà, tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1961. Ohun tí ó rí ni pé owó ilé tí ìjọba pè ní kékeré wúwo lọ́rùn ẹni tí kò sanwó ilé rí. Owó ọkọ̀ láti Sùúrùlérè dé Èkó tún gun orí rẹ̀. Àwọn obìnrin tí ń tajà pàdánù oníbàárà wọn. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ọkọ, aya àti ọmọ ni a kọ́ ilé titun náà fún. Ẹbí tí ó ti ń gbé pọ̀ fọ́nká. Àwọn onílé gba owó gbà-máà-bínú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilẹ̀ rẹ̀ padà ní láti san ju iye tí a fún un lọ.

Láàárín ọdún 1979 sí 1983, ìjọba Gómìnà Lateef Jakande kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé olówó pọ́ọ́kú káàkiri Ìpínlẹ̀ Èkó. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn ará ìlú sì fi ń pè wọ́n. Ṣùgbọ́n ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun wó Màrókò, níbi tí a fojú bù ú pé 300,000 ènìyàn ń gbé. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó rí ilé mìíràn gbà, ní Ìlàsàn àti Ìkòtá. Àwọn ìyókù wá ibi forí pamọ́ sí fúnra wọn.

Kí ni a rí kọ́? A kò ní kí a fi ilé tí ń wó lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ fún tálákà ní ilé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè ohun mẹ́ta: níbo ni ó ti ń rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, ta ni ń tọ́jú rẹ̀, èló ni yóò sì máa fi wọ ọkọ̀? Àwọn àgbà ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Bí ilé bá jìnnà sí oko jù, ìsinmi wo ni yóò kù níbẹ̀?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá délé, ẹ bi àwọn àgbà yín léèrè: nígbà tí ẹnì kan nínú ẹbí kò rí owó ilé san, yàrá ta ni ó lọ sùn?